Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò Bóyá Yunifásítì Ń Ṣègbè Lórí Ọ̀rọ̀ Òṣèlú

Ẹ̀sùn pé àwọn yunifásítì òde òní àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ń ṣègbè kì í ṣe ẹ̀sùn kan. Mẹ́ta ni, wọ́n kàn dì wọ́n pọ̀ sínú ẹrù kan ni. Àkọ́kọ́ ni pé apá kan náà ni àwọn olùkọ́ ń dìbò fún. Èkejì ni pé ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tẹ̀ sápá kan. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiwọn, wọ́n ń fi máàkì, iṣẹ́ tàbí ìgbéga dù ú. Ọ̀kan lè jẹ́ òótọ́ kí méjì yòókù má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kì í jẹ́ kí àríyànjiyàn náà parí nìyẹn: ẹnìkan á gbé nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ wá láti fi jẹ́rìí sí ẹ̀kẹta, èkejì á sì fi ohun tó rí ní kíláàsì kan ṣoṣo dá a lóhùn.

Nítorí náà, kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ kọ ẹ̀sùn tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ibi, ìgbà àti irú ẹ̀sùn tó jẹ́ wà nínú rẹ̀. "Yunifásítì ti bàjẹ́" kò ṣeé wọ̀n. "Nínú kọ́ọ̀sì mẹ́rin tó pọn dandan ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé láti 2021 sí 2024, àwọn ìwé tí wọ́n ní kí ọmọ kà lórí owó iṣẹ́ tó kéré jù tẹ̀ sápá kan" ṣeé wọ̀n. Lábẹ́ gbólóhùn yẹn, ẹ kọ ohun tí ẹ máa rí tí ẹ ó fi gbà pé irọ́ ni ẹ̀sùn náà. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan kọ síbẹ̀ ti dá ẹjọ́ náà tẹ́lẹ̀, àyẹ̀wò ò sì lè ràn án lọ́wọ́.

Nínú ohun tí a kọ yìí, apá òsì ni àwọn tó fẹ́ kí ìjọba túbọ̀ dá sí ọrọ̀ ajé, kí àṣà àwùjọ sì tètè yí padà. Apá ọ̀tún ni àwọn tó fẹ́ kí ìjọba dẹwọ́, kí àṣà tó wà nílẹ̀ sì dúró. Ìpín náà kò pé, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ ti òsì lórí ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n sì jẹ́ ti ọ̀tún lórí ọ̀rọ̀ ẹbí, ṣùgbọ́n òun ni àwọn olùwádìí ń lò. Amẹ́ríkà ni a ó ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ wa, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ka nǹkan wọ̀nyí jù.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́: kíka orí àwọn olùkọ́

Ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ bi wọ́n, tàbí kí ẹ wá orúkọ wọn nínú ìwé orúkọ olùdìbò.

Bíbi wọ́n ti pẹ́. Ní 1955, wọ́n bi olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ 2,451 léèrè ní Amẹ́ríkà fún Paul Lazarsfeld àti Wagner Thielens. Láti 1989 ni UCLA, yunifásítì kan ní California, ti ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, àpótí márùn-ún sì ni wọ́n ń fún wọn láti mú ọ̀kan: òsì pátápátá, òsì, àárín, ọ̀tún, ọ̀tún pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá 42 nínú 100 ló mú àpótí òsì méjèèjì. Nígbà tó fi máa di 2014, ó ti tó ìdá 60.

Àpótí tí wọ́n fún èèyàn mú lè yí ìdáhùn padà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Neil Gross àti Solon Simmons bi olùkọ́ 1,417 léèrè ní 2006, èsì tí gbogbo ayé sì mọ̀ ni ìdá 44 fún òsì, 46 fún àárín, 9 fún ọ̀tún. Ṣùgbọ́n àpótí méje ni wọ́n fún àwọn olùkọ́ náà, wọ́n sì kó "òsì díẹ̀" àti "ọ̀tún díẹ̀" dà sínú àárín. Ẹ kó àwọn "díẹ̀" yẹn padà síbi tí wọ́n ti wá: òsì á di nǹkan bí 62, ọ̀tún á di nǹkan bí 20, àárín á sì ṣẹ́ kù nǹkan bí 18. Àwọn olùkọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá rí irú nọ́ńbà báyìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé àpótí mélòó ni, ta ló dà wọ́n pọ̀, báwo ló sì ṣe dà wọ́n.

Ìwé orúkọ olùdìbò kò béèrè èrò ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì ni agbára rẹ̀. Ní 2016, Mitchell Langbert, Anthony Quain àti Daniel Klein wá orúkọ olùkọ́ 7,243 ní yunifásítì ńlá 40. Wọ́n rí 3,623 lábẹ́ ẹgbẹ́ Democratic tó tẹ̀ sí òsì, 314 lábẹ́ Republican tó tẹ̀ sí ọ̀tún: ìyẹn mọ́kànlá àbọ̀ sí ẹyọ kan. Ẹ yọ méjèèjì kúrò nínú àpapọ̀, ó ku 3,306 tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì! Ẹni tó bá gbé "11.5 sí 1" káàkiri láì dárúkọ ìdajì yìí ń sọ òótọ́ tí kò pé.

Ẹ wo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n kà pẹ̀lú. Márùn-ún péré ni: ọrọ̀ ajé, ìtàn, iṣẹ́ ìròyìn, òfin, àti ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá. Ọrọ̀ ajé jẹ́ 4.5 sí 1, ìtàn jẹ́ 33.5 sí 1. Nígbà tí Langbert tún ka àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní 2018, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ò ju 1.6 sí 1 lọ. Kò sí nọ́ńbà kan tó lè dúró fún "yunifásítì" lápapọ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni kí ẹ máa kà.

Bí ẹ bá fẹ́ ka ẹ̀ka kan fúnra yín, ohun tó máa ń bà á jẹ́ nìwọ̀nyí. Orúkọ tó wọ́pọ̀ á bá ẹni mẹ́fà mu nínú ìwé olùdìbò, nítorí náà, ẹ má gba orúkọ kan láìjẹ́ pé ọjọ́ orí àti àdúgbò bá a mu. Èyí tí kò bá dájú, ẹ kọ "kò dájú" sí i, ẹ má yọ ọ́ nù. Àlejò láti orílẹ̀-èdè mìíràn kì í sí nínú ìwé náà. Ìpínlẹ̀ mìíràn kì í kọ ẹgbẹ́ òṣèlú sínú ìwé olùdìbò rárá. Ìpín "X sí 1" sì máa ń tanni jẹ nígbà tí iye bá kéré: ẹ̀ka tó ní 60 níhìn-ín àti 2 lọ́hùn-ún jẹ́ 30 sí 1, bí wọ́n bá gba ẹyọ ẹnìkan sí i lọ́hùn-ún, ó di 20 sí 1. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló mú ìpín náà já lulẹ̀ báyẹn. Iye gan-an ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi ìdá nínú 100 tì í. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde nínú àbájáde yín.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń lé apá kan, ó sì lè jẹ́ pé apá yẹn kì í wá. Gross fi ìmeèlì dán an wò: lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń darí ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́, òmíràn ní òun ti bá ìpolongo McCain ti Republican ṣiṣẹ́, òmíràn ní ti Obama ti Democratic. Kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ nínú ìdáhùn tí wọ́n rí gbà. Ní ọwọ́ kejì, Yoel Inbar àti Joris Lammers tẹ ìwádìí kan jáde ní 2012 tí ó lé ní ẹnìkan nínú mẹ́ta lára àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí wọ́n bi léèrè fi gbà pé ó ṣeé ṣe kí àwọn fi òṣèlú yan ẹni tí àwọn máa gbà síṣẹ́ bí àwọn méjì bá dọ́gba. Èkíní wo ohun tí èèyàn ṣe, èkejì wo ohun tí èèyàn ní òun lè ṣe. Àwa fọkàn tán irú èkíní jù, ṣùgbọ́n ìdáhùn ìmeèlì kì í ṣe ìgbanisíṣẹ́, a ò sì lè fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Ẹ̀sùn kejì: sílábọ́ọ̀sì

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sá torí pé ó gba ìwé kíkà. Tẹ̀ lé e báyìí.

Ẹ kó sílábọ́ọ̀sì, ìyẹn ìwé tó ń to ohun tí wọ́n máa kọ́ àti ìwé tí ọmọ máa kà, ti kọ́ọ̀sì tó pọn dandan nìkan jọ, fún ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn. Kọ́ọ̀sì tí ọmọ lè yẹra fún kò lè ṣe é ní nǹkan púpọ̀. Ẹ ya ìwé tí wọ́n ní kí ọmọ kà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n ní ó lè kà bó bá wù ú. Olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò ṣègbè máa ń kó apá kejì sínú èyí tó wù ú yẹn. Ojú ewé ni kí ẹ kà, kì í ṣe orí ìwé: àpilẹ̀kọ olójú ewé 4 àti ìwé olójú ewé 180 kì í ṣe "ọ̀kan sí ọ̀kan".

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta sí márùn-ún tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń jà lé lórí. Wọ́n gbọ́dọ̀ ń jà lé e lórí lóòótọ́. Pé ayé ń móoru nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, pé ẹ̀dá ń yí padà láti ìran dé ìran, ìwọ̀nyí ò sí nínú ìjà mọ́ láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Olùkọ́ tí kò bá fi ojú ewé kan náà fún apá kejì ò ṣègbè níbẹ̀. Ohun tí ìjọba yẹ kó ṣe sí ayé tó ń móoru ni ìjà ṣì wà lórí ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tó dára láti fi ṣe ìdánwò: ṣé bí ìjọba bá gbé owó iṣẹ́ tó kéré jù sókè, iṣẹ́ ń dín kù? Ní oṣù kẹrin 1992, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ láti dọ́là 4.25 sí 5.05 fún wákàtí kan, Pennsylvania tó bá a pààlà ò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé David Card àti Alan Krueger pe ilé oúnjẹ 410 ní ìhà méjèèjì lórí fóònù, ṣáájú àti lẹ́yìn ìgbésókè náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1994 pé àwọn ò rí i kí iṣẹ́ dín kù. David Neumark àti William Wascher lo ìwé ìsanwó-oṣù dípò fóònù, wọ́n ní iṣẹ́ dín kù. Ní 2000, ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan náà gbé àríwísí wọn àti èsì Card pẹ̀lú Krueger jáde pọ̀. Ẹ ṣí sílábọ́ọ̀sì. Bí ti 1994 bá wà níbẹ̀ tí ti 2000 kò sì sí, ẹ fi àmì sí i. Bó bá jẹ́ Neumark àti Wascher nìkan ló wà níbẹ̀, àmì kan náà ni. Bí méjèèjì bá wà, ọ̀rọ̀ tán lórí ìbéèrè yẹn, ohun yòówù kí olùkọ́ máa dìbò fún.

Ẹni méjì ni kó fi àmì sí ìwé, kí wọ́n má bára wọn sọ ọ́. Àmì mẹ́rin ti tó: ó gbe òsì, ó gbe ọ̀tún, ó gbé méjèèjì yẹ̀ wò, kò kan ìbéèrè náà. Ìwé tó jẹ́ ti Marx, tí àwọn òsì máa ń tọ́ka sí, kì í torí ìyẹn nìkan di "ó gbe òsì" nínú kọ́ọ̀sì ìtàn èrò. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìtàn èrò gbọ́dọ̀ kà á, bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ka Adam Smith, tí àwọn ọ̀tún máa ń tọ́ka sí. Ẹ wo iṣẹ́ tí ìwé náà wá ṣe nínú kọ́ọ̀sì, ẹ má wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Kí ẹ tó yọ̀ pé ẹ fẹnu kò, ẹ ṣe ìṣirò yìí. Ká ní ìwé 40 ni, tí ẹ kó àmì mẹ́rin náà sí méjì, òsì àti èyí tí kì í ṣe òsì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín wá kọ "òsì" sí 30, ó sì kọ èkejì sí 10. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń fọ́n àmì ká láì ṣí ìwé kankan, ẹ ṣì máa bára mu lórí nǹkan bí 25. Nítorí náà, 28 tí ẹ fẹnu kò lé lórí ò já mọ́ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ 35, ẹ yọ 25 kúrò lára 35, ó ku 10. Ẹ yọ 25 kúrò lára 40, ó ku 15. 10 nínú 15 jẹ́ 0.67, ìyẹn ṣeé lò. Jacob Cohen ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀ ní 1960. Bí tiyín bá wà lábẹ́ 0.6, ìtumọ̀ àmì yín ni kò yé ara yín. Ẹ tún ìtumọ̀ náà kọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé àkọ́kọ́.

Ẹ má gbàgbé ìbéèrè ìdánwò. Sílábọ́ọ̀sì lè dọ́gba kí ìdánwò máà dọ́gba. "Ǹjẹ́ owó iṣẹ́ tó ga ń dín iṣẹ́ kù?" jẹ́ ìbéèrè. "Ṣàlàyé bí owó iṣẹ́ tó ga ṣe ń ba òṣìṣẹ́ jẹ́" ti dáhùn ara rẹ̀, ọmọ kàn ń kọ́ bó ṣe máa gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Ẹ ka iye irú èkejì nínú ìwé ìdánwò ọdún mẹ́ta.

Nínú kíláàsì

Kọ́ọ̀sì oníwákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15 jẹ́ ìṣẹ́jú 2,700. Fídíò oníṣẹ́jú kan tó ń kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹyọ kan nínú wọn, ẹni tó gé e ló sì yàn án. Ó kéré tán, ẹ jókòó fún kíláàsì mẹ́fà tí ẹ ti yàn kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ fún yín pé "ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ lónìí". Ẹ gbàṣẹ. Ìwé àti bírò ti tó. Gbígba ohùn èèyàn sílẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ lòdì sí òfin níbòmíràn, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa ẹnu mọ́, èyí tó ba nǹkan tí ẹ wá wò jẹ́.

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá jáde lẹ́nu olùkọ́, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: ṣé ó kan ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn, ṣé ó ní "èrò tèmi ni" àbí ó sọ ọ́ bí òótọ́ tí kò lẹ́jọ́, ṣé ó dárúkọ èrò kejì, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó tako ó. Ti ìkẹyìn yẹn ló wúwo jù. Olùkọ́ tó ní èrò tó le, tó sì ń sọ fún alátakò pé "mú ẹ̀rí wá, jẹ́ ká gbọ́", sàn ju ẹni tí kì í sọ èrò rẹ̀ ṣùgbọ́n tó máa ń fi ọmọ ṣe ẹ̀sín. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà, AAUP, fọwọ́ sí ní 1940 kò ní kí olùkọ́ máà ní èrò. Ohun tó ní kó ṣọ́ra fún ni ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn tí kò kan iṣẹ́ tó ń kọ́ni.

Ẹ ya ohùn olùkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn yunifásítì. Ìgbìmọ̀ tí Harry Kalven darí ní yunifásítì Chicago ní 1967 ló là á jù: olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni aláríwísí, yunifásítì ni ilé tí wọ́n ń gbé. Bí ọ̀gá àgbà bá ń fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìdìbò, ẹ̀sùn mìíràn nìyẹn, ìwé ìkéde tí wọ́n tẹ̀ jáde ni ẹ ó kà, kì í ṣe kíláàsì.

Ẹ̀sùn kẹta: máàkì

Òun ló burú jù bó bá jẹ́ òótọ́, òun ni wọ́n sì ń dán wò kéré jù. Ẹ kọ àròkọ méjì-méjì tó dọ́gba ní ẹ̀rí, gígùn àti èdè, kí ìparí wọn nìkan yàtọ̀: ọ̀kan parí sí òsì, èkejì sí ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta tí kò mọ ohun tí ẹ ń wá jẹ́rìí pé wọ́n dọ́gba. Ẹ yọ orúkọ, ẹ dà wọ́n mọ́ àròkọ mìíràn, ẹ fún àwọn olùfún-ní-máàkì tó ti gbà láti kópa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí méjèèjì nínú méjì kan náà.

Mélòó ló tó? Ẹ wo bí máàkì ṣe ń fọ́n ká, ìyẹn nọ́ńbà tí STDEV ń fún yín nínú Excel. Ẹ pín in pẹ̀lú ìyàtọ̀ tí ẹ fẹ́ rí, ẹ fi èsì náà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 16. Bí máàkì bá ń fọ́n ká ní 8, tí ẹ sì fẹ́ rí ìyàtọ̀ máàkì 3, ẹ nílò àròkọ 114 ní apá kọ̀ọ̀kan. Fún ìyàtọ̀ máàkì 8, 16 ti tó. Ẹni tó bá fi àròkọ mẹ́wàá sọ pé òun ò rí ìṣègbè, kò wá a débi tó wà ni.

Ẹ má ti pinnu ibi tí ìṣègbè máa forí lé. Talia Bar àti Asaf Zussman wo máàkì ní yunifásítì gíga kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ Republican ló ń fún àwọn ọmọ ní máàkì tó jìnnà síra jù, máàkì àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sì máa ń rẹlẹ̀ sí i lọ́dọ̀ wọn ní ìfiwéra pẹ̀lú ti aláwọ̀ funfun. Kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fura pé wọ́n fi èrò òun gé máàkì òun, kó má fi òṣèlú bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ gba ìlànà ìfún-ní-máàkì, kó fi ìlà kọ̀ọ̀kan wé àròkọ rẹ̀, kó kọ ibi tí máàkì kò bá ìlànà mu, kó sì béèrè pé kí ẹlòmíràn tún un yẹ̀ wò láì rí orúkọ àti máàkì àkọ́kọ́. Kó ṣe é kí gbèdéke tó kọjá. Gbèdéke yìí ló ń pa ẹjọ́ púpọ̀ ju òṣèlú lọ.

Nípa ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń fi bi akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n láti sọ̀rọ̀: iye tó dáhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òfin ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ní 2021 pa á láṣẹ kí àwọn yunifásítì ìjọba bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní 2022, kò tó 3 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ tó dáhùn. Ẹni tí inú ń bí àti ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù ló máa ń dáhùn irú rẹ̀, àwọn tó wà láàárín ti lọ sùn.

Ẹ wo ọwọ́ tó ń ti ìta wá náà. Ní 1948, ìjọba Soviet ló sọ pé ẹ̀kọ́ Lysenko, ẹni tí kò gba ìmọ̀ jíìnì gbọ́, nìkan ni kí wọ́n máa kọ́ nípa àbùdá ẹ̀dá, àwọn olùkọ́ tó kọ̀ sì pàdánù iṣẹ́. Ká ní ẹnìkan ka sílábọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní 1950, á rí apá kan ṣoṣo, kò sì ní jẹ́ èrò àwọn olùkọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí sílábọ́ọ̀sì tó yí padà lójijì ní ọdún kan, ẹ wá òfin, olówó tàbí àṣẹ tó jáde lọ́dún yẹn kí ẹ tó na ìka sí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kíkọ àbájáde

Gbólóhùn mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Èyí tí ẹ kò yẹ̀ wò, ẹ kọ "a kò yẹ èyí wò". Àpẹẹrẹ: "Nínú olùkọ́ 24, 13 wà lábẹ́ ẹgbẹ́ A, 2 lábẹ́ ẹgbẹ́ B, 9 kò dájú. Nínú ìbéèrè mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ ń jà lé lórí, sílábọ́ọ̀sì gbé apá méjèèjì nínú mẹ́ta, ó gbé apá kan nínú ọ̀kan. A kò yẹ máàkì wò."

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ẹ fi ìwé àmì yín ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì tẹ èsì wọn jáde láì gé e. Bí wọ́n bá tọ́ka sí ìwé tí ẹ fi àmì òdì sí, ẹ tún un kà. Bí àmì náà bá yí padà, ẹ kọ nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí òǹkàwé rí méjèèjì.